Pọ́ǹpù Abúlé ní Kasungu: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Omi ní Màláwì

Àwọn tí mo kọ èyí fún ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà lókè òkun, pàápàá ọmọ ilẹ̀ wa tó wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ omi ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kànga tuntun ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ gbẹ́. Iṣẹ́ tí a lọ ṣe ní àgbègbè Kasungu, ní àárín gbùngbùn Màláwì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kànga ti wà nílẹ̀, pọ́ǹpù ti wà lórí rẹ̀, omi ni kò jáde dáadáa mọ́. Rọ́bà kékeré kan tó bá jẹ, tí kò sì sí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀, ti tó láti lé odindi abúlé padà sí odò. Rọ́bà yẹn la bá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Keje 2024. Lilongwe

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ tí àrùn náà wà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ní físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, ọ̀rọ̀ yín ju ti Màláwì nìkan lọ: kí ẹ tó kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè buwọ́ lu I-20 yín, ìwé tí yunifásítì fún yín fún físà náà, nítorí ìbuwọ́lù tó bá ti ju ọdún kan lọ kò lè mú yín padà wọlé. Ẹ wo ọjọ́ tí físà fúnra rẹ̀ máa parí pẹ̀lú. Bó bá parí nígbà tí ẹ wà lóde, ẹ máa ní láti gba òmíràn ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kí ẹ tó padà.

Ní ti ẹrù: kílórínì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní HTH kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, torí ó máa ń ran iná lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù PVC náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Lilongwe ni kí ẹ ti ra méjèèjì. Bátìrì lithium tí ẹ kò tíì fi sínú ẹ̀rọ, ẹ fi í sínú báàgì ọwọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ gbé wá kò pọ̀: téèpù ìwọn ìjìnlẹ̀ omi tó gùn tó 50 mítà, mítà pH tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ń tọ́ ọ sọ́nà, báàgì ìdánwò E. coli (kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi), páálí tí wọ́n fi ń wo kílórínì, ìwọn kékeré tó lè ka gíráàmù, àti kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan. Ẹ mú súwẹ́tà pẹ̀lú. Oṣù Keje ni òtútù Màláwì, òwúrọ̀ Kasungu sì máa ń tutù gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Keje. Ọjà Lilongwe

Dọ́là kan ń lọ sí bíi 1,750 kwacha, owó Màláwì, ní báńkì nígbà náà. Apá Old Town ni ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ti pọ̀. Afridev ni pọ́ǹpù tí ìjọba Màláwì yàn fún kànga abúlé, ìrọ̀rùn ńlá sì ni èyí jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe: ẹ̀yà ara kan náà ló bá gbogbo wọn mu, sípánà kan àti ọ̀pá ìkọ́ kan tí wọ́n fi ń fa fáàfù jáde ló sì ń tú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbé pọ́ǹpù mìíràn wá láti òkèèrè, bó ti wù kó dára tó, ti gba mẹ́káníìkì lọ́wọ́ abúlé náà. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ló bàjẹ́ nìyẹn.

Fún pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan a ra síìlì písítìnnì 1 (rọ́bà etí písítìnnì, ohun tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà ìsàlẹ̀ kànga láti gbé omi), òrùka rọ́bà fáàfù ìsàlẹ̀ 1 (fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi inú páìpù padà sínú kànga), bọ́bìn fáàfù 2 (rọ́bà tó ń ṣí fáàfù, tó sì ń pa á dé), búṣì inú àti ìta ìsọ̀rí 4 (ibi tí ọwọ́ pọ́ǹpù ti ń yí), àti rọ́bà tó ń mú ọ̀pá dúró láàárín páìpù, ẹyọ kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀nyí ni ohun tó ń tètè jẹ. Ó dára kí abúlé máa pààrọ̀ wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí omi bá dá.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi èékánná tẹ etí síìlì: èyí tó dára á rọ̀ díẹ̀, á sì padà sípò lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ bá yọ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà. Inú sílíńdà Afridev fẹ̀ ní 50 mm, nítorí náà etí síìlì gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀ kó tó lè fún ara mọ́ ọn. Kálípà ló máa sọ òótọ́, ẹnu òǹtajà kọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta bóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ rí i pé à ń wọn nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwọn mẹ́káníìkì abúlé ti ń rajà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje. Lilongwe sí Kasungu

Ọ̀nà náà tó bíi kìlómítà 130 lórí títì M1 tó lọ sí àríwá. Wọ́n ń tún títì ṣe lápá ibi púpọ̀, wọ́n á darí ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku pupa á bo gbogbo ara. Ẹ fi ọ̀rá di páìpù àti síìlì. Eruku tó bá wọ inú páìpù báyìí, inú sílíńdà ló ń lọ. Ẹ tètè kúrò ní òwúrọ̀, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kẹ̀kẹ́ tí kò ní iná àti ẹran ọ̀sìn máa ń wà lójú títì.

A dúró jẹun ní Mponela: nsima, ẹ̀wà, àti ẹ̀fọ́ mpiru tí wọ́n fi ẹ̀pà gúnlẹ̀ sè. Ẹni tó mọ túwó àgbàdo ti mọ nsima. Mandasi tí wọ́n ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà jẹ́ kwacha 200 ẹyọ kan nígbà náà, ó dára fún ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òjò kùnà ní àsìkò 2023 sí 2024, ní Oṣù Kẹta ni ìjọba sì kéde ipò àjálù ní àgbègbè 23 nínú 28. Abúlé tí ẹ ń lọ á fẹ́ se oúnjẹ fún yín láti inú ìyẹ̀fun tí kò tó wọn. Ẹ ra ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹ̀wà tiyín ní Kasungu, kí ẹ sì fi lé àwọn ìyá tó ń dáná lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó pọ̀ ju ohun tí ẹ máa jẹ lọ.

Ilé epo mẹ́ta la dé ní Kasungu kí a tó rí dísù, ìlà sì gùn. Iye tí ìjọba fi lélẹ̀ nígbà náà ni kwacha 2,734 fún lítà dísù, 2,530 fún pẹtiróòlù. Ẹ̀yìn ilé epo, owó mìíràn ni. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó wà níwájú wa lórí ìlà fún wa ní lítà 10 nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ní iye ìjọba gan-an, nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ omi la wá ṣe. Ẹ má ṣe kúrò ní Lilongwe láìkún táǹkì.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Keje. Abúlé àkọ́kọ́: ìdánwò kí sípánà tó jáde

Ọ́fíìsì omi àgbègbè lẹ máa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọba àdúgbò, lẹ́yìn náà baálẹ̀, kí ẹ tó dé ìdí kànga. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì ló mọ orúkọ mẹ́káníìkì àdúgbò tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́, òun ló sì yẹ kó tú pọ́ǹpù. Tiyín ni kí ẹ máa wọn, kí ẹ máa kọ sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé nǹkan fún un. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa ró chitenje, ìyẹn sì mú kí ìjókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ omi rọrùn. Obìnrin ló pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà, àwọn ló sì mọ ìgbà tí pọ́ǹpù yí ohùn padà.

Pọ́ǹpù yìí ṣì ń gbé omi wá, àmọ́ ó ń dá wọn lágara. Ìdánwò mẹ́ta la ṣe.

Àkọ́kọ́, ìdánwò jíjò. A tẹ pọ́ǹpù títí omi fi ń dà geere, a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, a wá ń ka iye ìtẹ̀ kí omi tó tún jáde. Bó bá ju 5 lọ, nǹkan ń jò nísàlẹ̀. Ìtẹ̀ 19 ló gba tibí. Ẹ ṣírò rẹ̀: sílíńdà 50 mm, ìrìn písítìnnì 225 mm, ìtẹ̀ kan tó kún jẹ́ lítà 0.44, ìtẹ̀ 19 súnmọ́ lítà 8.4. Inú páìpù tó ń gbé omi ròkè fẹ̀ tó 53 mm, ó ń gba lítà 2.2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Omi ti sọ̀ kalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4 láàárín ìdajì wákàtí. Ó lè jẹ́ òrùka rọ́bà fáàfù ìsàlẹ̀, bọ́bìn rẹ̀, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù so páìpù.

Èkejì, ìdánwò ìṣàn. Ìtẹ̀ 40 tó kún ní ìṣẹ́jú kan, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti sàmì sí. Bó bá pé pátápátá, lítà 17.6 ni. Lítà 9 la rí. Omi tó kù ń gba etí síìlì padà sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, yanrìn. Ẹ fa omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ fi ọwọ́ yí omi náà po, kí ẹ jẹ́ kó dúró: yanrìn á kó jọ sí àárín ìsàlẹ̀. Díẹ̀ la rí, ó kúnná gan-an. Yanrìn bẹ́ẹ̀ ló ń ha síìlì àti idẹ inú sílíńdà, ó sì sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọn kò fọ kànga náà tó nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí idẹ náà bá ti ní ìlà jíjìn, síìlì tuntun kò ní pẹ́ kó tó jẹ, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe ju pé kí ẹ fa páìpù jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ sílíńdà.

Ìdí mìíràn tí síìlì fi jẹ kíákíá wà nínú ìwé ìgbìmọ̀. Ìlànà Màláwì ni ènìyàn 250 fún pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, láìrìn ju 500 mítà lọ. Pọ́ǹpù abúlé kejì ti di aláìṣeému, nítorí náà bíi 400 ló ń bọ̀ síbí. Ní 20 lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 8,000 lítà ni lóòjọ́. Afridev tó ń fa omi láti 15 mítà lè gbé bíi 1,100 lítà wá ní wákàtí kan, nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Ẹ̀rọ yìí kì í sinmi látàárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje. Fífa ọ̀pá

A ti ní kí gbogbo ilé pọn omi ọjọ́ méjì sílẹ̀ ní àná. Bí ẹ kò bá sọ èyí ṣáájú, odò ni àwọn ọmọ á lọ.

Mẹ́káníìkì tú ìdérí orí, ó yọ ọwọ́ pọ́ǹpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ọ̀pá. Ti Afridev yìí jẹ́ oníkọ̀ọ́, ọ̀kan ń kọ́ òmíràn ní gbogbo mítà 3, kò sí ìdè tí ẹ máa fi sípánà tú. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀pá tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń tú ìkọ́, ìsàlẹ̀ páìpù ló ń lọ. Ó ní láti jẹ́ ẹni méjì, kí wọ́n sì fi irin kan há ojú ìkọ́ ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tú ti òkè. Ẹ tò wọ́n sórí igi méjì, kó má kan ilẹ̀. Sílíńdà wà ní 27 mítà. Lẹ́yìn tí ọ̀pá ti jáde, omi wà ní mítà 12 sí ilẹ̀; ìwé ìgbìmọ̀ ní jíjìn kànga jẹ́ 42.

Síìlì tó jáde ti pẹlẹbẹ lápá kan, etí rẹ̀ ti tín-ín-rín bí abẹ. Ìyẹn la rò tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò retí ni fáàfù ìsàlẹ̀. Ọ̀pá ìkọ́ mú un, àmọ́ kò gbéra. Yanrìn kúnná ti jókòó yí i ká, òrùka rọ́bà rẹ̀ sì ti wú. Àwọn géńdé abúlé fẹ́ dìrọ̀ mọ́ ọn, mẹ́káníìkì kọ̀, ó sì tọ̀nà: bí ènìyàn mẹ́rin bá fa fáàfù tó há, ojú gọ́ọ̀mù páìpù ló máa ya kí fáàfù tó jáde, sílíńdà á sì jábọ́. Ó da omi kẹ́ẹ̀gì méjì sínú páìpù, ó wá ń gbé ọ̀pá sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta, léraléra, kí omi lè máa jí yanrìn náà. Ó pẹ́. Láàárín rẹ̀ ni ẹnu ọ̀pá ìkọ́ ṣí. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta fi èédú gbóná irin náà, ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó fi omi pa á, ó ní kí a máa lọ pẹ̀lú owó wa, àwọn ọmọ òun ló ń mu omi náà. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀ ni fáàfù gbéra, òrùka rẹ̀ ya sí méjì.

Ẹni tó bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí, kó fi ọjọ́ kan kún iye ọjọ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ nítorí fáàfù ìsàlẹ̀ nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Keje. Kílórínì, búṣì, àtúntò

Kílórínì la kọ́kọ́ lò, nígbà tí páìpù ṣì ṣófo, kí ó lè gba inú rẹ̀ dé kànga. Ìṣirò náà kò le. Inú kànga fẹ̀ tó 100 mm, nítorí náà mítà kọ̀ọ̀kan gba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 8. Omi bẹ̀rẹ̀ ní mítà 12, kànga parí ní 42: mítà 30, lítà 240. A fẹ́ míligíráàmù 100 fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gíráàmù 24 kílórínì gidi. HTH tí a rà jẹ́ ìdá 65 nínú 100, nítorí náà gíráàmù 37 la wọ̀n. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da ìyẹ̀fun sí i. Ẹ má ṣe da omi lé ìyẹ̀fun lórí. Ìbọ̀wọ́, awò ojú, ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun rẹ̀ jókòó, omi òkè nìkan lẹ máa dà sí kànga, kí ẹ sì fi omi mímọ́ kẹ́ẹ̀gì méjì tì í wọlé.

Ọ̀rọ̀ kílórínì nílò sùúrù ní ibi púpọ̀. Kọ́lẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ ní Màláwì ní Oṣù Kẹta 2022 pa ènìyàn tó ju 1,700 lọ, kò tíì sí irú rẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù ohunkóhun tí àlejò bá dà sínú omi. A jẹ́ kí ìyá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọn ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ṣàlàyé fún wọn ní èdè wọn ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ pọn ún títí di ọ̀la.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fáàfù ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òrùka tuntun, písítìnnì pẹ̀lú síìlì tuntun, ọ̀pá pẹ̀lú rọ́bà àárín tuntun. Ẹnu síìlì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Búṣì àtijọ́ ti jẹ débi pé irin ń ha irin, ariwo tí àwọn ìyá ń sọ láti oṣù púpọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe fi gírísì sí búṣì tuntun: ike líle ni, gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́, gírísì á kàn kó yanrìn jọ sí i. A tẹ pọ́ǹpù títí òórùn kílórínì fi jáde ní ẹnu rẹ̀, a sì fi ṣéènì tì í di ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Keje

Títẹ omi kílórínì dànù. Ó gba òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Orí ilẹ̀ lásán ni kí ó máa ṣàn sí, kí ó jìnnà sí ọgbà ẹ̀fọ́, ibi tí ẹran ọ̀sìn ti ń mumi àti adágún ẹja. Nígbà tí páálí ìdánwò fi hàn pé ó ti lọ sísàlẹ̀ 0.5 míligíráàmù fún lítà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pọn. Ìtẹ̀ 40, lítà 16. Ìdánwò jíjò, ìtẹ̀ 2.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má béèrè. Wọ́n fi ẹ̀pà sísè àti thobwa, ohun mímu àgbàdo, ṣe wá lálejò.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Keje. Abúlé kejì: omi pupa

Pọ́ǹpù ibí yìí kò bàjẹ́. Omi ń jáde, àwọn ènìyàn ni kò mu ún: pupa ni, ó ń ba aṣọ àti nsima jẹ́, ẹnu sì ń gbọ́ irin. Ẹgbẹ́ kan ti dábàá kànga tuntun fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ nǹkan, ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ dé ibẹ̀ ṣáájú ẹni àkọ́kọ́. Ẹ pọn omi sínú ike funfun ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ to àwọn ike náà sílẹ̀. Bí omi àkọ́kọ́ bá pupa, tó wá ń mọ́ bí ẹ ti ń tẹ̀, irin tó ń jẹ nínú pọ́ǹpù ló ń pa á láwọ̀. Bó bá pupa bákan náà lẹ́yìn wákàtí kan, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Tibí pupa púpọ̀ fún ike mẹ́fà, ó rẹ̀, lẹ́yìn ike ogún ó mọ́ gaara. pH rẹ̀ jẹ́ 5.9, omi tó kan díẹ̀ ni. Omi tí pH rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ 6.5 máa ń jẹ ọ̀pá irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Páìpù Afridev jẹ́ PVC, kò sí ohun tó kàn án. Ọ̀pá nìkan ni. Mẹ́káníìkì fa ọ̀pá mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde: síǹkì ti tán lára wọn, ìkọ́ ọ̀kan ti tín-ín-rín débi pé ó kù díẹ̀ kó já.

Ọ̀pá irin aláìdípẹtà ni àtúnṣe rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti síǹkì láti dín owó kù, torí níbi tí méjèèjì bá ti fara kanra nínú omi, ti síǹkì ló máa yára jẹ. Owó rẹ̀ ga ju ti síǹkì lọ púpọ̀, síbẹ̀ kò súnmọ́ owó kànga tuntun. Kànga tuntun nínú ilẹ̀ kan náà á sì ní omi kan náà, ọ̀pá síǹkì rẹ̀ á sì tún pupa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Keje. Kòkòrò inú omi

A gba omi lẹ́nu pọ́ǹpù abúlé àkọ́kọ́, a sì gbà nínú ìkòkò ilé mẹ́rin. Kílórínì gbọ́dọ̀ ti tán pátápátá kí ẹ tó gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa pa kòkòrò inú ìgò, èsì á sì parọ́. Báàgì tí a lò gba mílílítà 100, ó pín sí yàrá márùn-ún. Ibi tí E. coli bá wà á kúrò ní yẹ́lò, á di àwọ̀ búlúù tó pa pọ̀ mọ́ ewé. Bí ojú ọjọ́ bá ju 25°C lọ, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Ní Kasungu nínú Oṣù Keje, òru kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ dì í mọ́ ìbàdí lábẹ́ súwẹ́tà, kí ẹ sì sùn pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àpótí amúlémóoru wá. Ìdánwò tó tutù á fi omi ìdọ̀tí hàn bí omi tó mọ́, aburú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ fi kílórínì pa ohun tó wà nínú báàgì kí ẹ tó dà á nù.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Keje. Èsì, àti pèpéle tó ya

Ẹnu pọ́ǹpù: kò sí yàrá kankan tó yí àwọ̀. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé ni pé kí E. coli má sí rárá nínú mílílítà 100, nítorí náà pọ́ǹpù yege. Nínú ìkòkò ilé mẹ́rin, mẹ́ta yí àwọ̀. Omi kan náà ni. Ife tí gbogbo ọwọ́ ń rì bọ inú ìkòkò ló gbé e wọlé. Ilé kẹrin ń lo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ rí nínú èsì yìí ju gbogbo àlàyé tí a ti ń ṣe lọ, wọ́n sì ní àwọn máa ra ẹnu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé tó kù láti inú owó kwacha 300 tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó síìlì sọ́tọ̀.

Ní abúlé kejì, pèpéle sìmẹ́ǹtì yíká pọ́ǹpù ti là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, gọ́tà rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀, màlúù ń mu níbẹ̀. Omi tó bá wọ ojú ìlà bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ páìpù kànga lọ sísàlẹ̀. Kí a má kàn fi sìmẹ́ǹtì kun ojú rẹ̀, á tún là. A gbẹ́ ojú ìlà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀, a fọ̀ ọ́, a fi omi sìmẹ́ǹtì kùn ún nínú, a wá fi sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3 dí i. Etí rẹ̀ tó ti fọ́ la tún dà: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 3. Yanrìn odò ni kó jẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ bu omi sí i kó lè rọrùn láti pò. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti ń sọ agbára nù. Àpò tútù ló bò ó, ìgbìmọ̀ á sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Gọ́tà náà gùn tó mítà 6, ó parí sí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí ká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje. Kasungu sí Lilongwe

Ọ̀pá aláìdípẹtà kò tíì dé. Òǹtajà ní ọ̀sẹ̀ méjì. A san owó rẹ̀ sílẹ̀, a gba rìsíìtì ní orúkọ ìgbìmọ̀, kì í ṣe ní orúkọ ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n lè gbà á láìdúró de ẹnikẹ́ni láti Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ dá ìdá kan nínú márùn-ún. Síìlì, òrùka àti bọ́bìn ìsọ̀rí méjì wà nínú àpótí onítìpa lọ́dọ̀ akápò, ẹ̀dà ìwé ìwọn wa kan wà lọ́wọ́ mẹ́káníìkì, òmíràn ní ọ́fíìsì omi. Téèpù ìwọn omi náà, ọwọ́ mẹ́káníìkì la fi í sílẹ̀ sí.

Ó ní ohun tó máa fi ṣe. Oṣù Keje kọ́ ni omi ilẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ jù ní Màláwì. Òjò kì í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di Oṣù Kọkànlá, òjò àsìkò tó kọjá kò sì tó. Ní 15 Oṣù Kẹwàá, ó máa wọn omi abúlé àkọ́kọ́ ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti pọn ún fún wákàtí púpọ̀. Bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ mítà 24, ó kù mítà 3 péré kí sílíńdà máa fa afẹ́fẹ́. Ó máa fa ọ̀pá jáde, á yọ fáàfù ìsàlẹ̀ kí omi inú páìpù lè dà nù kí páìpù sì fúyẹ́, á gbé páìpù sókè ní mítà 3, á fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù kan mọ́ ọn lókè, á jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó gbé ẹrù, á sì so ọ̀pá kan mọ́ ti àtijọ́. Sílíńdà á wà ní 30. Páìpù kan, ọ̀pá kan àti agolo gọ́ọ̀mù kan ti wà ní àká baálẹ̀ fún ìyẹn, gọ́ọ̀mù náà nínú òjìji, torí ooru máa ń sọ ọ́ di líle kí ọjọ́ tó pé.